Ẹ Bi Wá, A Ó Fèsì: Ìjì Òkun Ń Bọ̀, Ta Ló Yẹ Kó Kúrò Nílé?

Ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ni àkókò ìjì òkun máa ń bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Àtìláńtíìkì, ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ló sì máa ń parí. Àwọn òǹkàwé wa tó ń gbé ní etíkun Florida, Texas àti Louisiana ti ń kọ̀wé béèrè nípa ìjì líle tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní hurricane, pàápàá lórí bóyá kí wọ́n sá tàbí kí wọ́n dúró. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀, a kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kọ wọ́n.

*Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòsí Tampa là ń gbé, ilé wa kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí etí omi. Ọkọ mi ní ilé búlọ́ọ̀kù ni tiwa, pé ọ̀pọ̀ ìjì ti kọjá lórí rẹ̀ tí òrùlé kò ṣí, àti pé bí ìjì tó ń bọ̀ kò bá tíì dé ìpele kẹta, òun kò ní lọ síbì kankan. Ọmọ mẹ́ta la bí, àbíkẹ́yìn kò tíì pé ọdún méjì. Ṣé èmi ni mo lójo jù ni? — Ìyàwó ilé kan, Florida*

Ìyá wa, ẹ kò lójo rárá. Ohun tí ọkọ yín ń wò ni kò bá ìbéèrè náà mu. Ìpele 1 dé 5 tí wọ́n ń kéde lórí tẹlifíṣọ̀n, eré tí afẹ́fẹ́ ń sá nìkan ló ń wọ̀n. Bí afẹ́fẹ́ ìjì bá ń sá máìlì 74 ní wákàtí kan, ó ti wọ ìpele kìíní. Bó bá di 111, ó di ìpele kẹta, ibẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti ń kà á kún ìjì ńlá. Bó bá di 157, ìpele karùn-ún nìyẹn, kò sì sí òmíràn lókè rẹ̀. Kò sí ohun kan nínú nọ́ńbà wọ̀nyí tó sọ bí omi òkun yóò ṣe ga tó nígbà tí ìjì bá tì í wọ ìgboro. Bẹ́ẹ̀, omi ló ń pa ènìyàn jù. Nínú gbogbo ikú tí ìjì òkun fà tààrà ní Amẹ́ríkà láti 1963 sí 2012, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ti ọwọ́ omi wá, nǹkan bí ìdajì gbogbo rẹ̀ ló sì jẹ́ ti ríru omi òkun nìkan.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín gbọ́ nípa ìjì Ike. Ìpele kejì péré ni Ike wà nígbà tó gúnlẹ̀ sí Galveston, ní Texas, ní oṣù Kẹsàn-án 2008. Ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà ṣòdiwọ̀n ìbẹ̀rù yóò ní kò burú jù. Ṣùgbọ́n ara ìjì náà fẹ̀ lọ rẹpẹtẹ, omi tó sì ń tì bọ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 20 lórí ilẹ̀ tóóró tí wọ́n ń pè ní Bolivar Peninsula, débi pé nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn àdúgbò kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé opó tí wọ́n fi gbé ilé dúró nìkan ló ṣẹ́kù. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìyẹn, ìpele kẹta ni Katrina wà nígbà tó gúnlẹ̀, omi tó kó wọ etíkun Mississippi sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ. Ní ti búlọ́ọ̀kù, òótọ́ ni pé ó lè dúró ti afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n omi tó gùn ní yáàdì kan, tó fẹ̀ ní yáàdì kan, tó sì ga ní yáàdì kan, nǹkan bí 1,700 pọ́ùn ló wọ̀n, kì í sì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo ló máa ń wá. Kódà bí ògiri náà kò bá wó, ilé tó dúró ṣinṣin lè kún fún omi títí dé àjà pẹ̀lú àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ní ti pé ọ̀pọ̀ ìjì ti kọjá tí nǹkan kan kò ṣe ilé yín, agbègbè tiyín gan-an ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí ìyẹn ní 2024. Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ìjì Helene kọjá lójú agbami, ó jìnnà sí Tampa ju 100 máìlì lọ, agbègbè Big Bend lápá àríwá ló sì gúnlẹ̀ sí. Síbẹ̀ omi ru wọ àwọn àdúgbò tó yí Tampa Bay ká, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, àwọn tí omi kò wọ ilé wọn rí sì jí bá a lórí ibùsùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí Milton dé. Gbogbo ènìyàn rò pé Tampa gan-an ló ń bọ̀, ṣùgbọ́n Siesta Key, lápá gúúsù, ló gúnlẹ̀ sí ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbá omi Tampa Bay sẹ́yìn débi pé ìsàlẹ̀ omi hàn sójú níbi kan. Èyí tó jìnnà ló ba ilé jẹ́, èyí tó sún mọ́ ló fa omi kúrò. Ẹni tó bá dúró sílé nígbà Milton tí omi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò gbọ́n ju ẹni tó sá lọ. Ibi tí ojú ìjì yà sí ló gbà á sílẹ̀.

Nítorí náà, lẹ́tà àdúgbò yín ni kí ẹ fi dípò nọ́ńbà ìpele ìjì. Ní Florida, wọ́n ti pín àwọn ilẹ̀ tí omi òkun lè dé láti A lọ sí F, àwọn tó wà ní A ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ ní kí wọ́n kúrò. Ẹ lọ sórí ìkànnì káńtì yín, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ yín, lónìí, ẹ tẹ àdírẹ́sì yín sí i, ẹ ó sì rí lẹ́tà náà. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún lẹ́tà agbègbè omíyalé tí iléeṣẹ́ adójútòfò máa ń kọ sínú ìwé, nítorí pé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, lẹ́tà A sì lè wà nínú méjèèjì. Àwọn òṣìṣẹ́ ààbò ní Florida máa ń sọ pé omi ni kí á sá fún, pé afẹ́fẹ́ ni kí á fara pamọ́ fún. Bí ẹ bá wà ní A tàbí B, ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù ti tán nílẹ̀.

Ìmọ̀ràn kan tó kù ni pé kí ẹ má dúró di ọjọ́ tí ìjì bá wà lójú òkun kí ẹ tó bá bàbá àwọn ọmọ jíròrò. Lọ́jọ́ náà, ọkùnrin tó ti sọ pé òun kò ní kúrò kì í fẹ́ yí ohùn padà lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ bá a sọ ọ́ nísinsìnyí tí oòrùn ń ràn, kí ẹ jọ fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: bí wọ́n bá ti pe lẹ́tà wa, a ó lọ, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìpele mọ́. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ìjì òkun sì wà lára ogun tí wọ́n máa ń kéde ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú.

*Olóòtú wa, mo wà ní Houston nígbà tí wọ́n sá fún ìjì Rita ní 2005. Wákàtí mọ́kàndínlógún ni mo lò lójú títì láìtíì dé Dallas, epo tán nínú ọkọ̀ mi, ooru sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá ìyàwó mi. Mo ti búra pé n kò ní sá mọ́ láéláé. Ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé ojú ọ̀nà kọ́ ló léwu ju ìjì lọ? — Alàgbà kan, Texas*

Alàgbà, ẹ kú oríire pé ẹ bọ́. Òótọ́ wà nínú ohun tí ẹ sọ, a kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni Rita fi tẹ̀lé Katrina, gbogbo ènìyàn ṣì ń rí àwòrán New Orleans tí omi Katrina bò lójú, àwọn tó sì bọ́ sójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà ju mílíọ̀nù méjì lọ. Bọ́ọ̀sì kan tó kó àwọn arúgbó láti ilé ìtọ́jú wọn gbiná nítòsí Dallas, àwọn 23 sì kú nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó bá ọ̀rọ̀ Rita lọ ní Texas, ìrìn àjò náà ló pa wọ́n.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ béèrè ni pé ta ni àwọn tó kún ojú ọ̀nà náà. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Houston tí omi òkun kò lè dé ilé wọn, tí ìjọba kò sì pàṣẹ fún láti kúrò. Wọ́n sá fún afẹ́fẹ́, wọ́n sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn ará Galveston tí omi ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n ṣètò agbègbè etíkun Texas sí ìpín-ìpín, tí wọ́n fi ZIP code, ìyẹn nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò, pín in, kí àwọn tó sún mọ́ omi lè kọ́kọ́ jáde. Wọ́n sì tún ṣètò bí wọ́n ṣe lè yí àwọn ojú ọ̀nà ńlá padà kí ìhà méjèèjì máa jáde kúrò nílùú. Nítorí náà, ìbéèrè tí a bi ìyá wa ti Tampa la ó bi ẹ̀yin náà: ṣé ZIP code yín wà nínú ìpín? Bí kò bá sí níbẹ̀, tí ilé yín lágbára, tí kì í ṣe ilé alágbèéká, ẹ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọkàn balẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó nílò rẹ̀.

Bó bá sì wà níbẹ̀, ìbúra yẹn kò lè dúró, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ ó gbà lọ yóò yàtọ̀. Kò sí ẹni tó ní dandan kí ẹ dé Dallas. Orí ilẹ̀ gíga tí omi òkun kò lè dé ni ẹ ń wá, èyí sì lè má ju ìrìn 30 tàbí 50 máìlì lọ. Ẹ wá ọ̀rẹ́ tàbí ará ìjọ kan tó ń gbé níta ìpín náà, kí ẹ bá a ṣàdéhùn kí àkókò ìjì tó bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kẹfà lọ, ẹ má jẹ́ kí epo inú ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ kọjá ìdajì. Bí National Hurricane Center tó wà ní Miami bá kéde Hurricane Watch, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìjì lè dé, wọ́n sì máa ń gbìyànjú láti kéde rẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí 48 kí afẹ́fẹ́ líle tó kọ́kọ́ dé. Hurricane Warning ní tirẹ̀, tó túmọ̀ sí pé wọ́n ń retí ìjì náà, nǹkan bí wákàtí 36 ló máa ń ṣáájú. Ẹni tó ní àgbàlagbà nínú ilé, Watch ni kó fi ṣe Warning. Lóru tàbí ní kùtùkùtù ni kí ẹ gbéra, ìgbà tí ooru kò tíì mú. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń sún mọ́ máìlì 40 ní wákàtí kan, wọ́n máa ń ti ọ̀pọ̀ afárá gíga pa, ẹni tó bá sì wà lórí erékùṣù nígbà náà ti pẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí n fi kún un fún ẹni tó bá dúró sí Houston. Òjò náà lè di ìjà. Ní 2017, Harvey gúnlẹ̀ nítòsí Rockport, ó wá falẹ̀ sórí agbègbè náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, òjò tó rọ̀ ní Nederland sì lé ní 60 ínǹṣì. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ má wọ ọkọ̀ rárá. Ínǹṣì 12 omi tó ń ṣàn ti tó láti gbé ọkọ̀ kékeré lọ, ẹsẹ̀ bàtà méjì sì lè gbé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ ńlá tí à ń fi yangàn.

*Lórí tẹlifíṣọ̀n, àwòrán funfun kan máa ń wà tó fẹjú lọ síwájú, ìlú wa kì í sì í sábà wà ní àárín rẹ̀. Ṣé a lè fọkàn balẹ̀? — Òǹkàwé kan, Fort Myers*

Rárá o. Àwòrán tó rí bí òkòtó yẹn, ibi tí àárín ìjì lè gbà nìkan ló ń fi hàn, kò sọ bí ìjì ṣe fẹ̀ tó. Nínú ìgbà mẹ́ta, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì ni àárín ìjì máa ń dúró sínú òkòtó náà, ẹ̀ẹ̀kan yòókù a yọ síta. Ìlú tiyín ló yẹ kó mọ èyí jù. Ní 2022, ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lára Tampa nígbà tí Ian ń bọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, Cayo Costa ló gúnlẹ̀ sí, omi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 15 sì gbá Fort Myers Beach. Ẹ gbọ́ ohun tí káńtì yín bá sọ nípa omi, kí ẹ má fi ojú wọn ìlà àárín.

*Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò lè rìn dáadáa, ẹ̀rọ ọ́síjìn ló ń lò lóru, ó sì ń lọ fọ kídìnrín lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé wọn lọ sí ọsibítù bí ìjì bá ń bọ̀. — Àbíkẹ́yìn, Louisiana*

Ọsibítù kì í gba ẹni tí kò ṣàìsàn pàjáwìrì gẹ́gẹ́ bí ibi ìsádi, ẹ lè dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n dá yín padà lákòókò tí ọ̀nà ti ń tì. Ìjọba àdúgbò yín ni kí ẹ pè nísinsìnyí, kí ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń forúkọ ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ fún ọkọ̀ àti fún ibùdó tó ní iná mànàmáná àti nọ́ọ̀sì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, nọ́ńbà 211 ni wọ́n fi ń darí ènìyàn síbẹ̀. Ilé ìfọ-kídìnrín náà sábà máa ń ní ètò láti fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ṣáájú ọjọ́ tí ìjì yóò dé, wọ́n sì lè sọ ilé ìtọ́jú tó wà ní ìlú tí ẹ ń sá lọ fún yín. Ẹ béèrè ìwé tó ní àlàyé ìtọ́jú bàbá, kí ẹ sì béèrè irú oúnjẹ tí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ bí fífọ náà bá falẹ̀. Ẹ kó oògùn ọ̀sẹ̀ méjì jọ bí dókítà bá gbà. Ẹ béèrè fún àgbá ọ́síjìn tí kò nílò iná.

Iná yìí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Lẹ́yìn Irma ní 2017, ẹ̀rọ amúlétutù kú ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Florida, ooru sì pa àwọn 12 nínú wọn lẹ́yìn tí ìjì ti kọjá tán. Bàbá yín lè la omi já kí ooru ọjọ́ kẹta wá mú wọn lọ. Ibi tó ní iná tó dájú ni kí ẹ gbé wọn lọ, kódà bó bá jìnnà díẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, kí ẹ sì tètè gbéra.

*Ṣé kí a lẹ téèpù mọ́ gíláàsì fèrèsé, kí a sì ṣí fèrèsé ẹ̀yìn kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde? — Òǹkàwé kan*

Téèpù kò dá gíláàsì dúró. Ó kàn ń jẹ́ kó fọ́ sí àfọ́kù ńláńlá tó léwu ju kékeré lọ ni. Fèrèsé tí ẹ bá ṣí yóò gba afẹ́fẹ́ wọlé láti gbé òrùlé. Ìbòjú irin tí wọ́n ṣe fún un tàbí pákó púláíwúùdù tó nípọn ni kí ẹ kàn mọ́ ọn, kí ẹ sì kó gbogbo àga àti ìkòkò òdòdó ìta wọlé.

*Ọmọ mi ọdún mọ́kànlá ní olùkọ́ òun sọ pé láti Áfíríkà ni ìjì wọ̀nyí ti ń wá. Ṣé òótọ́ ni? — Bàbá kan, Houston*

Òótọ́ ni, ó sì pa àwa náà lẹ́rìn-ín. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá, ìgbì afẹ́fẹ́ tó kún fún òjò àti ààrá máa ń rìn láti ìlà-oòrùn Áfíríkà gba agbègbè Sàhẹ́lì kọjá, á sì já sójú Àtìláńtíìkì létí Senegal. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kú sójú omi. Èyí tó bá rí omi tó gbóná tó nǹkan bí 26.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí afẹ́fẹ́ òkè kò sì ya á, lè máa fẹ̀ sí i títí yóò fi di hurricane, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó lágbára jù sì jẹ́ irú èyí. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ara òjò apá ọ̀dọ̀ wa ló wá bá a lálejò, kó má sì ṣe dúró kí i.

*Mo fẹ́ ra ìwé adójútòfò ní kété tí ìjì bá ti hàn lójú òkun, kí n má fi owó ṣòfò. — Òṣìṣẹ́ kan, Florida*

Àbúrò, á ti pẹ́. Adójútòfò ilé lásán kì í sanwó fún omíyalé. Ọ̀tọ̀ ni ti omi, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣètò sì máa ń gba 30 ọjọ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ti afẹ́fẹ́ náà, ní kété tí ìjì bá ti yọjú, àwọn iléeṣẹ́ a dẹ́kun títa ìwé tuntun. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n kọ iye tí ẹ ó kọ́kọ́ fi àpò ara yín san nígbà hurricane, nítorí pé ìdá nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, ó sì lè jẹ́ owó ńlá. Bí ẹ bá ti wà nídìí ìwé, ẹ kó ìwé ìrìnnà, ìwé ìgbélùú àti ìwé ìbí àwọn ọmọ sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ sì ya fídíò yàrá kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó jáde.

*A sá, a bọ́, Ọlọ́run ṣeun. Ìjì kọjá lánàá, ilé wa kò wó, ṣùgbọ́n iná kò sí. Ìgbà wo la lè padà, kí sì ni ká ṣọ́ra fún? — Ìdílé kan, ní ilé ẹ̀gbọ́n wọn*

Ẹ dúró kí káńtì yín ṣí ọ̀nà. Wáyà iná lè wà nínú omi tó dákẹ́ lójú títì, omi náà sì ti pò mọ́ ìgbẹ́ àti kẹ́míkà. Bí iná bá ti kúrò ju wákàtí mẹ́rin lọ, ohun tó lè bàjẹ́ nínú fíríìjì ti di ohun ìdànù; fírísà tó kún dẹ́múdẹ́mú tí ẹnikẹ́ni kò ṣí lè dì í mú tó wákàtí 48.

Jẹnẹrétọ̀ ló kù, a sì mọ̀ pé kò sí ìdílé Yorùbá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fà á. Bóyá ìmọ̀ yẹn gan-an ló ń jẹ́ ká fojú kéré rẹ̀. Èéfín carbon monoxide tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa gbogbo ará ilé lójú oorun. Ẹ má ṣe gbé e sínú gáréèjì, kódà bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbayawu. Ẹ gbé e jìnnà sílé ní ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé gbogbo, tiyín àti ti aládùúgbò yín, kí ẹ sì ra ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń ké bí èéfín náà bá wọlé. Bí orí bá ń fọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé tí èébì sì ń gbé e, ẹ kó gbogbo ènìyàn bọ́ síta kí ẹ tó pe 911.